Ẹni Tó Sanwó Sìgá, Ṣé Ó Ra Afẹ́fẹ́ Ni? Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ṣọ́ọ̀bù kún lókè àti nísàlẹ̀, ní àgbègbè Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké díẹ̀ padà kí ẹni tó mọ àdúgbò náà má baà na ìka sí wọn. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìlàjà láàárín àwọn oníṣòwò ni mo kọ ọ́ fún, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí wọ́n máa ń ké sí nígbà tí ìjà èéfín bá bẹ́ sílẹ̀. Ohun tí àwọn ará ilé náà ṣe láti fi pa iná ìjà gan-an ló bu epo sí i, mo sì ti rí irú rẹ̀ níbòmíràn lẹ́yìn náà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la ilé náà já. Ṣọ́ọ̀bù wà lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀bù wà lósì, àtẹ̀gùn tó lọ sókè sì wà ní ìparí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yìí ni bàbá onírédíò wà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò pẹ́ sígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976 ló ti wọṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n títúnṣe. Sìgá ló fi ń bá iṣẹ́ rìn. Bó bá ti mú irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé lọ́wọ́ ọ̀tún, sìgá á wà lẹ́nu. Lókè, níbi tí àtẹ̀gùn ti yọ, ni ìyá aránṣọ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ìyá kan ń ta bísíkíìtì, omi inú ọ̀rá, ọṣẹ àti sìgá. Páálí ló ń rà á, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń tà á. Ó fi okùn so láítà mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù kí ẹni tó bá ra ẹyọ kan lè tanná sí i lójú ẹsẹ̀.

Ìjà náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ìlera rárá. Léèsì oníbàárà kan ló dá a sílẹ̀. Ìyàwó ojú ọ̀nà wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé e sí imú, ó ní òun ò lè wọ aṣọ tó ń rùn bí ilé ọtí lọ síbi ìdána òun. Ìyá aránṣọ gbé e lọ fún alágbàfọ̀, àpò ara rẹ̀ ló ti san án. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lóyún, tó sì ń bì nígbàkigbà tí èéfín bá gòkè. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ìlera. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ: èéfín sìgá ẹlòmíràn lè mú kí aboyún bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tó.

Wọ́n kọ́kọ́ lẹ ìwé mọ́ ògiri: Ẹ MÁ MU SÌGÁ NÍBÍ. Afẹ́fẹ́ fẹ́ òjò wọlé, ìwé náà rin, ó jábọ́, kò sẹ́ni tó mú òmíràn wá. Lẹ́yìn ìyẹn, alága ilé lọ mú aáfà kan wá nítorí pé Mùsùlùmí ni bàbá. Aáfà bá a wí níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé bàbá kò dáhùn ìkíni alága mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn méjèèjì yìí, torí ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìgbésẹ̀ kẹta ló pọ̀ jù.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbé owó orí sìgá sókè. Ó ti wà ní ìdá 20 nínú 100 iye ọjà náà tẹ́lẹ̀, ó di ìdá 30. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó tí wọ́n ń kà lé orí páálí oní-20 kúrò ní ₦58, ó di ₦84, wọ́n sì ti ṣètò pé yóò di ₦94 ní 2023 àti ₦104 ní 2024. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ìtajà náà gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì gbé e wá sípàdé. Ó ní bí ìjọba bá lè fi owó lé sìgá kí àwọn èèyàn baà lè dín in kù, kí ló dé táwọn náà ò lè ṣe é nínú ilé? Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tó bá ń mu sìgá nínú ọgbà náà yóò máa san ₦500 lọ́sẹ̀ sí àpò ẹgbẹ́.

Èrò wọn ni pé bàbá yóò kọ̀, ìtìjú yóò sì lé e síta. Bàbá san án. Ó san ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí wọ́n kọ rìsíìtì fún òun, ó sì lẹ rìsíìtì náà mọ́ ògiri, síbi tí ìwé ìkìlọ̀ ti jábọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Tẹ́lẹ̀, bí bàbá bá gbúròó ẹsẹ̀ aboyún lórí àtẹ̀gùn, ó máa ń fọwọ́ bo sìgá rẹ̀, nígbà míì á tiẹ̀ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìtìjú díẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, ojú àánú náà wà níbẹ̀. Nígbà tó ti sanwó, kò rí ìdí tí òun yóò fi dìde lórí àga mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ń ta fóònù, tí wọ́n máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ilé láti fa tiwọn, jáde síwájú. Wọ́n ní àwọn náà yóò san. Kí oṣù kan tó pé, èéfín inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé akápò ẹgbẹ́ kò fẹ́ kí sìgá tán nínú ilé mọ́, nítorí owó yẹn ni wọ́n fi ń ra epo sí ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ síbí yìí, torí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń ṣì í mú. Owó orí ìjọba àti lẹ́fì ilé yìí jọra lójú, wọn ò jọra nínú. Iléeṣẹ́ aṣọ́bodè ń gba owó orí sìgá lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é kó tó dé ọjà, nítorí náà ó ti wọnú iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mu ogún san ìlọ́po ogún ohun tí ẹni tó mu ẹyọ kan san. Gbogbo ẹyọ tó bá fi kún un ń jẹ ẹ́ lápò. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ bí ìjánu. Lẹ́fì ilé ní tirẹ̀, ₦500 ni fún ẹyọ kan, ₦500 náà ni fún ogójì. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó ń sọ fún èèyàn pé kó dín in kù. Tó bá tiẹ̀ sọ nǹkan, ohun tó ń sọ ni pé kó mu ún tó iye owó tó san. Owó orí ìjọba kò sì ta ibì kankan fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ lẹ́fì yìí ta ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ará ilé fọwọ́ ara wọn ta afẹ́fẹ́ tí aboyún ń mí, wọ́n sì kọ rìsíìtì lé e lórí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Ìyá aránṣọ ń múra láti lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ọmọkùnrin tó ń ta fóònù ń halẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀dọ̀ bàbá ni mo kọ́kọ́ lọ jókòó sí, ní àárọ̀ kí oníbàárà tó dé.

Rédíò kì í kú lórí tábìlì rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ sì yà mí lẹ́nu. Ó ní ohun tí òun ń rà kì í ṣe ọjà òfin dè. Ó ní òun ń sanwó fún ìjọba lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun tún ń san fún ẹgbẹ́, ẹ̀tọ́ wo ló kù tí òun ò tíì rà? Ó ní òfin ilẹ̀ wa sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tojú bọ ọ̀rọ̀ ilé ẹni. Ó tún fi Gúúsù Áfíríkà kún un: nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, ìjọba ibẹ̀ fòfin de títa sìgá, ilé ẹjọ́ sì wá sọ lóṣù Kejìlá ọdún náà pé ìfòfindè ọ̀hún tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn. Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ sínú ìwé mi bó ṣe sọ ọ́: "Ọmọ mi, èéfín jẹnẹrétọ̀ ìyá aránṣọ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti ọdún yìí wá, ta ló pè yín nítorí ẹ̀?"

Mo dìde, mo lọ wò ó. Òtítọ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ ìyá aránṣọ wà lábẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn bàbá gan-an, dúdú èéfín sì ti kun ògiri. Èéfín jẹnẹrétọ̀ a máa pa odindi ìdílé mọ́jú. Gbogbo wa la ti gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ ọ́ nípàdé, wọ́n ní amusìgá ò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ èéfín.

Níbi tí ọ̀nà ti là nìyẹn. Mo padà lọ bá ìyá aránṣọ, mi ò sọ̀rọ̀ sìgá rárá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá wa gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé bàbá, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ lórí afẹ́fẹ́ baà lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú wọn kò dùn sí i. Wáyà tuntun yóò ná wọn lówó. Àmọ́ ìyá tó lóye ni wọ́n, wọ́n sì ṣe é lọ́sẹ̀ náà. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló sọ fún akọ̀wé pé òun yóò wá sípàdé.

Nípàdé náà, mo sa ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni bóyá àgbàlagbà lè mu sìgá. Ó lè mu ún. Òfin Ìdarí Tábà ti 2015 kò sọ pé kó má mu ún, àwa náà ò sì wá síbẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ Gúúsù Áfíríkà sì dájọ́ lé lórí ni títì tí wọ́n ti ọjà pa pátápátá. Ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn yóò ti mu ún kọ́ ni, ọ̀rọ̀ owó orí kọ́ sì ni. Ìkejì ni ibi tí yóò ti mu ún. Òfin 2015 yẹn lé sìgá jìnnà sí ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ èrò, ilé oúnjẹ àti irú ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pàdé. Òótọ́ ni pé abala 37 ìwé òfin 1999 dáàbò bo ilé ẹni àti ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni, àmọ́ abala 45 sọ pé ìyẹn ò lè dí òfin tó bójú mu lọ́wọ́, bó bá jẹ́ nítorí ìlera gbogbo ènìyàn tàbí láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá kì í ṣe yàrá bàbá.

Ìkẹta ni owó orí, òun ló sì gba àkókò jù. Bàbá ní àwọn tálákà ni ìjọba ń fìyà jẹ. Ẹni tó gun Jíìpù ò mọ̀ pé sìgá wọ́n. Mi ò bá a jiyàn, torí òótọ́ ń bẹ nínú rẹ̀: iye kan náà ni owó orí ẹyọ kan fún fọ́kánáísà àti fún sẹ́nẹ́tọ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́nà rẹ̀ ni pé tálákà náà ló máa ń kọ́kọ́ dín in kù bó bá wọ́n, tálákà náà sì ni àìsàn rẹ̀ máa ń bà jẹ́ jù, nítorí ní ilẹ̀ wa, àpò aláìsàn ni ọ̀pọ̀ owó ìwòsàn ti ń jáde. Nígbà ìpàdé yẹn, owó orí wa kò tíì dé ibi tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, àjọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fẹnu kò sí ní 2017 pàápàá, ìyẹn ó kéré tán ìdá 50 nínú 100 àti sẹ́ǹtì dọ́là méjì lórí ẹyọ kan. Mo fara mọ́ owó orí yìí tọkàntọkàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń gba owó náà lọ́wọ́ irú bàbá yìí, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í rí láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jáwọ́.

Ìyá ọlọ́jà ẹnu ọ̀nà ló la ojú gbogbo wa sí ohun tó kù. A ń ṣírò owó orí lọ́wọ́: ₦84 lórí páálí túmọ̀ sí ₦4.20 lórí ẹyọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ní ogún kọ́bọ̀ lọ́wọ́ láyé ìsinsìnyí? Bí páálí bá gbówó lórí díẹ̀, náírà mẹ́wàá ni òun ń fi lé ẹyọ. A wá bá bàbá ṣírò ohun tó ń ná. Láti ìgbà tí nǹkan ti wọ́n, kì í lè kó owó páálí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ́. Ẹyọ ẹyọ ló ń rà á lọ́wọ́ ìyá náà, ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Nígbà tí a ròó pọ̀, owó tó ń ná lórí ẹyọ mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí yóò fi ra páálí kan tí ẹyọ inú rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ dáadáa. Bàbá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé: ó ti dín in kù. Páálí kan ló ń mu lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di ìdajì, kì í sì ṣe pé ó wù ú. Àìlówó lọ́wọ́ ló fà á, inú sì ń bí i lójoojúmọ́ láti ìgbà náà.

Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ fi gbóná lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń béèrè ohun tí àpò rẹ̀ ò lè rà mọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni tún wá sọ fún un pé kó kúrò lórí àga rẹ̀ láti mu ìwọ̀nba tó rí rà, ojú ìrẹ́nijẹ ni yóò fi wò ó.

Mo bi í léèrè ìgbà tó máa ń mu àkọ́kọ́. Ó ní kó tó fọ ojú. Àwa tí a mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àmì ńlá nìyẹn pé tábà ti gba èèyàn lọ́kàn: bí àkọ́kọ́ bá ṣe sún mọ́ ìjí sí, bẹ́ẹ̀ ni ìdè rẹ̀ ṣe le tó. Mo tún bi í léèrè nípa oṣù ààwẹ̀. Ó ní láti ìgbà sààrì títí di ìṣínu, kì í fẹnu kàn án, láti kékeré ló sì ti ń gbààwẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti mọ ọ̀nà náà nìyẹn o. Ohun tí a fẹ́ bẹ̀ yín fún ni ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan." Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ yọ lẹ́fì yẹn kúrò ná. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kì í bá rìsíìtì gbé."

Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Akápò ló ta kò ó jù, àmọ́ wọ́n dá èyí tó ṣẹ́kù padà fún àwọn tó san án, wọ́n sì pín owó epo ẹ̀rọ omi dọ́gba láàárín gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àdéhùn tí wọ́n kọ kò gùn. Ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe onílé tàbí oníbàárà, kò ní mu sìgá lábẹ́ òrùlé ilé náà. Ẹni tó bá fẹ́ mu yóò lọ sí abẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé, wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀ kó má baà dà bí ẹni pé wọ́n lé àgbàlagbà dànù. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ padà sábẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Òjò ló dán àdéhùn náà wò. Ní ọ̀sẹ̀ tí òjò rọ̀ láìdá, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ẹnu ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ òkè sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá aránṣọ fúnra wọn ló wá tàpólíìnì ogbólógbòó kan jáde, wọ́n ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ so ó mọ́ igi fún bàbá. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Mo ka ohun tí wọ́n ṣe yìí sí pàtàkì ju ìwé àdéhùn lọ.

Bàbá kò tíì jáwọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó gbọ́dọ̀ sọ irin sílẹ̀, kó dìde, kó rìn dé abẹ́ igi, ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun máa ń sọ pé ó di ìgbà tí òun bá parí rédíò yìí, òun á sì gbàgbé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ń lọ wò ó, wọ́n sì ń gbìyànjú láti sún ti àárọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta fóònù padà sẹ́yìn ilé láìsí wàhálà.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú nínú èyí ni pé, bí wọ́n bá pè yín sí irú ìjà bẹ́ẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó orí, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ amusìgá àti ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń mu ún wọ inú ara wọn. Bí ẹ bá ń jiyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹni tó bá gbọ́ rédíò jù ni yóò borí. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti fi owó lé e, ẹ yọ owó náà kí ẹ tó sọ ohun mìíràn, kí ẹ sì wo ẹni tí owó náà ń bọ́, torí òun ni yóò kọ́kọ́ ta kò yín. Ẹ wá èéfín gbogbo tó wà nínú ilé. Ẹ bi amusìgá léèrè iye tó ń ná, kí ẹ fara balẹ̀ bá a ṣírò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àti ọ̀run àpáàdì lọ.

Ohun kan ló kù tí a kò rí yanjú. Òfin 2015 kò gbà kí wọ́n ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sì gbà kí wọ́n tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ìyá ẹnu ọ̀nà gba ti ọmọdé, ó sì tú okùn láítà kúrò lára òpó. Ti ẹyọ, ó ní èrè tí òun ń rí lórí rẹ̀ ju ti bísíkíìtì àti ọṣẹ lọ, òun sì ń tọ́ ọmọ. Kò fọwọ́ sí i. Bí ẹyọ bá sì ti wà níta fún títà, ìtanjẹ ẹyọ ni yóò máa bo owó orí mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó ń rà á, ọmọ iléèwé yóò sì máa rí i rà níbòmíràn. Nígbà tí wọ́n pè wá sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní Oǹdó, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹyọ la ti kọ́kọ́ jókòó, pẹ̀lú bírò àti ìwé, láti wá ọjà tí èrè rẹ̀ lè dípò ti sìgá kí a tó bá amusìgá kankan sọ̀rọ̀.